Àwọn Tí Ojú Yí Sí: Èrò Mi lórí Fíìmù October 1

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ nǹkan nípa fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó tì í, ọ̀rọ̀ mìíràn a máa gba iwájú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní n ó kọ ọ́ tán kí n tó dìde. N kò fẹ́ sọ bóyá fíìmù náà dára tàbí kò dára. Àwọn ẹlòmíràn ti sọ èyí tán, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́sàn-án níbi ayẹyẹ Africa Magic ní ọdún 2015. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí ó ṣe gbé àwọn ènìyàn kalẹ̀: ta ni ó fún ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, ta ni ó kàn tẹ́ sílẹ̀ bí òkú, ta sì ni ojú gbogbo ìlú yí sí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà, tí kò sì fẹ́ kí n tú àṣírí apànìyàn inú rẹ̀ fún òun, kí ó lọ wò ó ná kí ó tó ka ìyókù. Akote ni orúkọ ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìlú àfinúrò kan ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti yà á. Túndé Babalọlá ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lò pọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Àwọn òyìnbó rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Danladi Waziri, ọmọ Òkè Ọya, pé kí ó lọ wádìí ọ̀ràn náà kí wọ́n tó ta àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Sájẹ́ǹtì Sunday Àfọ̀njá, tí Káyọ̀dé Ọláìyá ṣe, ni igbá-kejì rẹ̀ níbẹ̀. Ní àkókò kan náà, Ọmọọba Adérọ́pò ti yunifásítì dé, ìlú sì ń yọ̀. Kanayo O. Kanayo ni ó ṣe Okafor, ọmọ Ìgbò tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Ìyànà Ìbà ni mo fi ṣe ibùgbé, láàárín Ọjọ́ àti Okokomaiko, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò yìí mọ bí èdè ṣe ń pàdé èdè níbẹ̀. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀. Àwọn Ègùn ti bá wọn gbé ní gbogbo ẹkùn Àgbádárìgì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Ìgbò kún ọjà Alábà fọ́fọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta amóhùnmáwòrán àti gbogbo ohun tí ó ń lo iná, àwọn Hausa sì ní ọjà tiwọn ní Alábà Rágo. Ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo a máa ti ara wọn wọ dáńfó. Kọ̀ndọ́kítọ̀ a fi Yorùbá pe èrò, a fi Pijin bú ẹni tí kò mú ṣéńjì dání, bí ó bá sì rí ìyá Ègùn tí ó gbé agbọ̀n ẹja lé ẹsẹ̀, a fi Ègùn bẹ̀ ẹ́ kí ó sún díẹ̀. Alábà yìí kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wa ti ń gbéra nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì àti síìdì. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà nínú fíìmù àti ẹni tí kò sí níbẹ̀, àwọn aládùúgbò mi ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú eré Yorùbá, ó ti pẹ́ tí a ti ní àpótí kéékèèké tí a ń kó àwọn ẹ̀yà mìíràn sí. Hausa ni mégáàdì: ó jókòó sẹ́nu géètì, ó fi rédíò kékeré mọ́ etí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ a sì máa wọ́ kí àwa lè rẹ́rìn-ín. Ìgbò ni oníṣòwò tí owó ti gbà lọ́kàn. Ègùn ni ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn orúkọ tí a fi ń pè wọ́n gan-an ti gbé ẹ̀fẹ̀ tàbí ẹ̀gàn dání: mọ́là, kòbókòbó, Gàm̀bàrí. (Orúkọ àtijọ́ tí kò ní èébú nínú ni Gàm̀bàrí, àwọn ìdílé ńlá sì ń jẹ́ ẹ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń pè é láàárín ọjà lónìí, ẹ ó gbọ́ ohun tí mò ń wí.) Ẹ̀rín kò burú. Àwọn náà ń fi àwa Yorùbá rẹ́rìn-ín nínú eré tiwọn, pàápàá lórí ariwo àti òde àríyá. Ibi tí ó ti burú ni pé ẹni tí a kò rí rí bí kò ṣe níbi ẹ̀fẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di gidi, a kò ní mọ irú ojú tí a ó fi wò ó.

Níbí yìí ni October 1 ti ya ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé jù nínú ìtàn náà ni ọmọ Òkè Ọya yìí. Sadiq Daba ni ó ṣe é, ẹni tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ díẹ̀ mọ̀ láti inú eré Cock Crow at Dawn lórí NTA. Ó ṣaláìsí ní oṣù kẹta ọdún 2021. Kò ṣe Danladi bí ẹni tí ó wá pa wá lẹ́rìn-ín. Ó dúró ṣánṣán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ lójú bí ẹni tí ó ti rí òkú jù. Ohùn Hausa wà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú yàrá tí a ti wò ó.

Bí àwọn òyìnbó ṣe rán an lọ sí ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìtàn Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn Hausa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó rí òmìnira gbà, ni John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lóbà, kó jọ sínú ẹgbẹ́ ológun àti ọlọ́pàá rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí kò ní ẹbí nílùú kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ yìí ni fíìmù náà gbé sọ́wọ́ Danladi, ṣùgbọ́n ó yí i padà: àìní ẹbí rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó lè wo ààfin láìfòyà.

Àwa tí a fẹ́ràn èdè, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí orúkọ. Ní èdè Hausa, Danladi ni orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ wá wo orúkọ sájẹ́ǹtì: Sunday. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ọ̀kan ní Hausa, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ìbejì tí wọ́n gbé fún alágbàtọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ kejì sájẹ́ǹtì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfọ̀njá! Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin yóò rántí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó kẹ̀yìn sí Aláàfin, tí ó fọwọ́ so ọwọ́ pẹ̀lú Àlímì, onímọ̀ ẹ̀sìn tí ó jẹ́ Fúlàní, tí àjọṣe náà sì padà di ikú fún un ní nǹkan bí ọdún 1824. Láti ìgbà náà ni àwọn olóṣèlú wa ti sọ orúkọ rẹ̀ di pàṣán. Bí Yorùbá kan bá bá ará Òkè Ọya dòwò pọ̀, wọn a ní Àfọ̀njá ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di èébú fún gbogbo Yorùbá pátá. Nínú fíìmù yìí, Àfọ̀njá kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí ó ti Òkè Ọya wá, òótọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń wá. N kò gbà pé ó ṣèèṣì bọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ṣe Àgbẹ́kọ̀yà, àgbẹ̀ tí òun àti ọmọọba jọ dàgbà. Ìṣọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà tí a mọ̀, ọdún 1968 sí 1969 ni, nítorí náà ọjọ́ iwájú ni orúkọ yìí ti wá bá ìtàn ọdún 1960. Àwọn kan lè pe èyí ní àṣìṣe; etí mi fẹ́ràn rẹ̀. Ti Adérọ́pò ńkọ́? Adé ti rọ́pò nǹkan. Ní oṣù tí adé òyìnbó ń kúrò lórí wa, ọmọ adé ti ilé ni ó ń bọ̀ wá gba ààyè, òun sì ni apànìyàn náà.

Ibi tí fíìmù náà ti dùn mí jù kò ju ìran díẹ̀ lọ. Ìfura bọ́ sórí arìnrìn-àjò Hausa kan. Danladi, tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́. Ṣùgbọ́n Okafor, tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀, kò dúró de òfin. Ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ọmọ Ìgbò pa ọmọ Hausa nítorí ohun tí ọmọ ọba Yorùbá ṣe, òyìnbó sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. A mọ ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún 1960. Láti oṣù kìíní ọdún 1966, nígbà tí wọ́n pa Balewa àti Akíntọ́lá ní òru kan ṣoṣo, títí dé ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní Àríwá lọ́dún kan náà, dé ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, irú ìṣirò yìí ni wọ́n ń ṣe: ẹnì kan dá ọ̀ràn, ẹ̀yà rẹ̀ san án.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí ó rántí oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà ìdìbò gómìnà Èkó. Àwọn ibùdó ìdìbò wà tí wọ́n ti ń wo ojú ènìyàn, tí wọ́n ń béèrè orúkọ, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó súnmọ́ àpótí. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ní ojú wọn jọ ti Ìgbò pàápàá jẹ nínú ìyà náà. Aládùúgbò mi kan wà, ọmọ Ìgbò, ó ti ń gbé ní Okokomaiko kí èmi tó dé àgbègbè yìí. Kò jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ó sọ fún mi, ní Yorùbá tí ó dán ju ti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lọ, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ojú òun bí ìwé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé jọ wo fíìmù náà lọ́dọ̀ mi, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a parí, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n pa sílẹ̀. Wọ́n mọ Danladi, wọ́n mọ Adérọ́pò, wọ́n tilẹ̀ rántí orúkọ àwọn òyìnbó. Ti àwọn ọmọbìnrin, ìwé wọn funfun báláú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ìyànà Ìbà níhìn-ín, na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnikẹ́ni bá ọmọ Okafor sọ̀rọ̀ rí kí wọ́n tó pa á?” Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn pé bàbá rẹ̀ ṣáà sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá rẹ̀ ń sunkún ni, sunkún kì í ṣe ọ̀rọ̀.” Ọmọkùnrin náà kò gbà. Ó ní ìlú Yorùbá ni Akote, ọmọ Yorùbá ni ó ṣe fíìmù náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ti ará ilé rẹ̀ kí ó lọ ṣe tirẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà ni mo wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe rí nìyí níbi gbogbo láyé: òkú ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ni òpin rẹ̀. Láti orí Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969, Lápàdé ni ọkàn wa ń tẹ̀ lé, ẹni tí ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n October 1 ní ààyè tí ó tó. Ó lo àkókò láti jẹ́ kí á mọ ohun tí ó sọ Adérọ́pò di ẹranko: àlùfáà òyìnbó tí ó mú un lọ sí Èkó láti kọ́ ọ níwèé, tí ó sì ń bà á jẹ́ lóru. Àgbẹ́kọ̀yà náà tọ́ ọ wò, ó sá padà sí oko, ó sì kẹ̀yìn sí ìwé. Ó yẹ kí á mọ èyí, kò sì tíì sí ọ̀pọ̀ fíìmù wa tí ó ní ìgboyà láti sọ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá lè mọ ìrora apànìyàn tó báyìí, ó yẹ kí á mọ̀ bóyá ọmọ tí ó pa fẹ́ràn orin, tàbí ohun tí ó ń lọ rà lọ́jọ́ náà.

Ní ti àwọn obìnrin tí ó wà láàyè, Tawa, olùkọ́ tí Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe, ní ẹnu tirẹ̀, ó sì ń lò ó. Funmilayo Ransome-Kuti náà yọjú fún ìgbà díẹ̀. Dẹọlá Ṣàgoe, tí a mọ̀ sí aránṣọ òde òní, ni ó ṣe é. Inú mi dùn láti rí ìyá náà, ẹni tí òun àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bá owó-orí jà títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n ó yọjú bí àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri. Ó kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè kù, òun sì ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù. Nígbà tí Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999, ìlú kan ṣoṣo, Jogbo, ni wọ́n lò, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ìṣèlú àti ìpànìyàn sì wà níbẹ̀ púpọ̀. Kò sí àlejò tí ó nílò ògbufọ̀. Ní ọdún 2022, Afọláyan fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀nà yìí nínú Ànìkúlápó, Biyi Bándélé sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Elesin Oba kí ó tó kú lọ́dún náà. Mo fẹ́ràn àwọn fíìmù wọ̀nyí, etí mi sinmi nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jọ Ìyànà Ìbà ni October 1, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Hausa àti Ìgbò ti ń kọlu ara wọn, tí ẹnì kan gbọ́, tí ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọ́. Àwọn kan ní ó yẹ kí ó jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá ni. N kò rí bí ìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe. Bí Danladi bá gbọ́ Yorùbá bí ọmọ onílẹ̀, ìtàn náà ti tú. Ohun tí mo lè bèèrè ni Ègùn tàbí Àgànyìn kan níbẹ̀, nítorí pé ní ayé òwò kòkó, àwọn tí ó ti òkèèrè wá ṣiṣẹ́ oko ní ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ní iye.

Ní ìparí fíìmù náà, Danladi ti mọ apànìyàn, àwọn òyìnbó sì ní kí ó gbé e mì. Ọmọ ọba ni, ọjọ́ àsíá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ìlú dàrú. Fáìlì náà di pípadé. Púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran máa ń bínú nítorí Danladi, pé wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Èmi ń ro ti arìnrìn-àjò Hausa náà. Níwọ̀n ìgbà tí òótọ́ bá wà nínú fáìlì yẹn, ní ẹnu àwọn ará ìlú, ó ṣì lè jẹ́ pé òun ni ó pa àwọn ọmọ wọn. N kò rántí ìran kankan tí ẹnikẹ́ni ti lọ sí ilé rẹ̀ láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ Okafor ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré kan báyìí. Yorùbá ni ó fi ń kọ ọ́, Ìgbò sì ń wọ inú rẹ̀ níbi tí ìyá bá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó ní kí n bá òun wo àmì ohùn rẹ̀. Ojú-ewé mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, ọmọ náà kò tíì kú, ó ń bá oníṣòwò kan ná ọjà lọ́wọ́.